Ta ló tẹ Port Sunlight dó, kí sì nìdí orúkọ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ìlú kékeré tó wà ní òdìkejì odò sí Liverpool yìí fi ń jẹ́ orúkọ ọṣẹ?

Èsì kìíní: Ẹ kú ìbéèrè. Ọṣẹ ló ṣáájú ìlú. William Lever àti James àbúrò rẹ̀ ń ṣe ọṣẹ Sunlight ní Warrington títí ibẹ̀ fi há mọ́ wọn. Wọ́n wá ra ilẹ̀ àbàtà kan nítòsí odò Mersey, níbi tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin ti lè kó ẹrù dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé ní 1888. Èbúté ilé iṣẹ́ náà ló bí “Port”.

Èsì kejì: Òótọ́ ni. Omi odò a máa ya wọ àárín ilẹ̀ náà, kí wọ́n tó dí ọ̀pọ̀ ojú omi ọ̀hún. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́lé fún, ilé tó dára tó sì ní ọgbà níwájú, àmọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà ni onílé wọn, èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Èsì kẹta: Ẹ má gbàgbé epo pupa àti àdín láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó wà lára ohun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ wọn.