Ṣé "àrùn àníyàn" tó gbogbo rẹ̀ kó?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa pe "anxiety disorder", ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká fi "àrùn àníyàn" pe gbogbo àìsàn ìbẹ̀rù tí dókítà ọpọlọ ń tọ́jú, kí oògùn rẹ̀ sì máa jẹ́ "oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì", nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọn.

Ilé oògùn ni mo ti ń jẹun ní Ìkòròdú. Kò sẹ́ni tó wá bá mi rí pé àníyàn ń ṣe òun. "Ọkàn mi ò balẹ̀" ni wọ́n ń wí, tàbí "àyà mi ń lù kìkì". Ohun téèyàn ń rò ṣáá ni àníyàn: owó iléèwé, ọmọ tó wà lókè òkun. Fílípì 4:6 sì ti ní ká má ṣe àníyàn ohunkóhun, nítorí náà ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé àníyàn ló ń ṣe é, lójú tiẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ lẹ ń bá wí.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti wá ló ń sọ oògùn tí wọ́n máa lò. Obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ẹ̀búté wá ra Valium, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń jẹun dáadáa síbẹ̀ ó ń rù. Mo wo iwájú ọrùn rẹ̀, ó wú. Gẹ̀gẹ̀! Irú èyí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, nítorí tí táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ inú ọrùn, bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, òun náà ló ń mú àyà lù bẹ́ẹ̀. Mi ò ta Valium náà fún un. Kọfí àmujù lè fà á, Ventolin, oògùn ásímà, lè fà á, kí ẹni tó ń mu ògógóró lójoojúmọ́ ṣíwọ́ lójijì náà lè fà á. Èwo ni àníyàn níbẹ̀?

Tí a bá yọ ìwọ̀nyẹn kúrò, ó kan èyí tó ń rìn nínú ìdílé àti èyí tí ìyà ìgbà èwe dá sílẹ̀. Sertraline àti escitalopram, àwọn tí wọ́n ń pè ní "oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì" yẹn, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Serotonin, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ara tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù tiẹ̀ lè pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀. Kíá ni Valium ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, àmọ́ ó ń di bárakú. Propranolol ń dí adrenaline, èròjà ara tó ń mú àyà lù, lọ́nà, kìkì àyà á rọlẹ̀, ìrònú á ṣì wà níbẹ̀. (Kí ẹni tó ní ásímà má fọwọ́ kàn án o.)

"Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì" yẹn ló ká mi lára jù. Ìpayà dé bá ọmọkùnrin kan nínú dánfó lọ́nà Mile 12, ó rò pé òun ti kú tán. Dókítà kọ sertraline fún un. Ó ka bébà inú páálí níwájú mi, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò rẹ̀wẹ̀sì o, ẹ̀rù ló ń bà mí." Ó fi oògùn sílẹ̀ lórí káńtà.

Àbá tèmi: "àìsàn àìbalẹ̀-ọkàn" fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, "ìpayà òjijì" fún èyí tó ń já luni, kí "àníyàn àìdábọ̀" jẹ́ ti èyí tí kì í tán. Ọdún 1980 ni ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ pín méjì yìí níyà. Àwa ti ní ìpayà àti àníyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́. Ní ti oògùn, "oògùn serotonin" tó fún irú sertraline. Ẹ má sọ pé òyìnbó ni, àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ ń pe ínsúlínì lọ́jà Ṣábọ̀ láìsí wàhálà. "Amárarọ̀" ni kí Valium máa jẹ́. Orúkọ "oògùn oorun" tí wọ́n ń pè é ló ń jẹ́ kí wọ́n máa lò ó lálaalẹ́.

Àti "àrùn" fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi "àìsàn" rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ "alárùn" nígbà tó bá wá gba oògùn lọ́wọ́ mi.