Ilé bàbá wa n'Ìbàdàn: ṣé ká tún un ṣe ká tó tà á?

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Òkè-Àdó ni ilé bàbá wa wà, yàrá mẹ́jọ, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Páànù ti dógùn-ún. Tí òjò bá ti ṣú, abọ́ mẹ́rin là ń tò sí pálọ̀. Ògiri ẹ̀yìn lanu débi pé alángbá ń gbabẹ̀ wọlé, mi ò pòwe o. Ìyá mi bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ní òun á fowó sílẹ̀ ká tún un ṣe, pé owó ilé á lé. Àbúrò mi ní ká tà á bó ṣe wà. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni wọ́n dá lé wa fún páànù, ògiri àti ọ̀dà. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Bíríkìlà: Ilé alámọ̀ kọ́? Ẹ ṣí páànù yẹn, kí ẹ wo igi tí ikán ti jẹ. Iye yẹn ò ní tó. Ẹni tó fẹ́ rà á ládùúgbò yẹn, ilẹ̀ ló ń rà, á wó o ni. Ẹ sáà dí ojú tó ń jò. Tí òjò bá wó ògiri kan kí oníbàárà tó dé, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọwó.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò fara mọ́ títà rárá. Yàrá iwájú mẹ́rin la tún ṣe ní tiwa l'Abẹ́òkúta, a gba ayálégbé, owó ilé ọdún méjì la fi san gbèsè. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná, níbo lẹ sin bàbá sí?

Olùbéèrè: Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mà, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn. A tẹ́ táìsì sí i.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò wa rí nǹkan! Ta ló fẹ́ ra ìyẹn mọ́ ilé?

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ fi páànù sílẹ̀ ná. Ṣé bàbá ṣe ìwé ìhágún? Tí wọn ò bá ṣe é, ilé ẹbí ni. Bí dáwódù, ìyẹn olórí ẹbí, bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kóòtù lè wọ́gi lé e. Bí ẹlòmíràn bá tà á láìsí àṣẹ dáwódù, kò tà á rárá lójú òfin. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe fẹ́ pín in. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council (ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní London) ní 1962, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀, ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí, ìyẹn ni pé kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ìyẹn, ọmọ ìyàwó kejì á kó ìdajì, ẹ̀yin mẹ́rin á pín ìdajì tó kù. Orí-ò-jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, olórí ẹbí ló lè lò ó tí ìjà bá fẹ́ dé. Mílíọ̀nù márùn-ún ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, inú ìpín ta ni wọ́n ti máa yọ ọ́?

Olùbéèrè: A ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀ sà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n, ó dákẹ́ lórí fóònù títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Páànù mẹ́fà tó wà lókè pálọ̀ la máa pààrọ̀, títí ìpàdé ẹbí. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀ ti ń wá yẹ ilé wò, nítorí náà àbúrò mi ti ra ọ̀dà pupa. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ ló máa kọ sára ògiri iwájú. Ọ̀dà tí a kọ́kọ́ rà fún ilé náà nìyẹn.