Mo kọ́ wọn nípa ẹ̀tanú, wọ́n ní mo dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fojú ara wọn rí ẹ̀tanú, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo pín wọn sí méjì, mo so rìbọ́ọ̀nù mọ́ apá àwọn kan (owó ara mi ni mo fi rà á o!). Àwọn yẹn ń jókòó níwájú, àwọn ló ń kọ́kọ́ jáde ṣeré. Àwọn tí kò ní, ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Bí wọ́n nawọ́, n kì í pè wọ́n. Òbí kan ti wá kọ̀wé ẹ̀sùn. Ọ̀gá wa ní kí n wá ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi wà lórí tábìlì rẹ̀, kò kà á. Ẹni tó ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri lásán ni wọ́n ń yìn! Kí ni kí n sọ fún òbí yìí?

Àrẹ̀mú: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ṣé ẹ yí rìbọ́ọ̀nù náà sọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn? Ṣé ẹ jókòó bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀?

Olùbéèrè: Ọdún mẹ́jọ. Jane Elliott, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, náà fi àwọ̀ ẹyinjú pín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Riceville, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lọ́dún 1968, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa Martin Luther King.

Tíṣà Àgbà: Elliott yí i padà, àwọn tó wà lókè wá sísàlẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn bá a wí. Ẹ ò dáhùn ìbéèrè Àrẹ̀mú.

Àbẹ̀kẹ́: Èmi ò fara mọ́ irú eré yìí rárá. Ẹ lo ọ̀nà ìkọ́ni ti Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, tó lò ó nílùú Austin, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1971, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọmọ dúdú, ọmọ funfun àti ọmọ Mẹ́síkò pọ̀ nílé ìwé tí ìjà ò tán. Ẹ gé ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà márùn-ún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ gba ègé kan. Àwọn tó gba ègé kan náà á kọ́kọ́ pàdé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, kí kálukú tó padà lọ kọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yege láìgbọ́ tẹnìkejì. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí ọmọ kan gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ máa pààrọ̀ olórí ẹgbẹ́.

Àrẹ̀mú: Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn ń mú kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kò fi ìyànjẹ hàn wọ́n. Ẹ fi òfin kan sí iwájú wọn: ta ló ṣe é, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀, ta ló ń pàdánù, ta ló lè yí i padà?

Olùbéèrè: Aago lù kí n tó yí rìbọ́ọ̀nù padà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ní a máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ òbí yẹn, òun nìkan ni ẹ̀yà rẹ̀ ní kíláàsì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn ni, kó lè sọ bó ṣe ń rí fún àwọn yòókù.

Tíṣà Àgbà: Há! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn! Fún àwọn yòókù, eré ni. Fún òun, ohun tójú rẹ̀ ń rí níta ni, olùkọ́ wá fọwọ́ sí i. Ẹ kì í fi ọmọ kan ṣe agbẹnusọ ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ pe òbí náà kí ọjọ́ Ajé tó pé, ẹ má mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ dání. Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ẹ má bi í léèrè níwájú kíláàsì.

Olùbéèrè: Kò burú, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Ti Aronson yẹn, ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe pín wọn?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹgbẹ́ mẹ́ta ẹlẹ́ni mẹ́fà, mẹ́ta ẹlẹ́ni márùn-ún. Níbi tẹ́ ẹ bá ti ní mẹ́fà, ẹ fi méjì sórí ègé kan. Ẹ pe òbí náà ná.