"Ayédèrú" kò tó láti fi pe ìbọn ológun

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnì kan nínú wa ló ń túmọ̀ ìwé kan nípa bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìbọn ológun àtijọ́ tí kò wọ́pọ̀ jẹ́ ti gidi. Àbá tí ọ̀pọ̀ yín fún un ni pé kó pe èyí tó yege ní "ojúlówó", kó pe èyí tó kùnà ní "ayédèrú", kó sì pe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní "ìfìdímúlẹ̀". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá lórí ayédèrú.

Kí n tètè bọ́ kúrò lórí ìfìdímúlẹ̀. Ohun tí ìdí rẹ̀ bá ti múlẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ìbọn wò kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. "Ìtúdìí" ló wù mí jù, torí títú náà ni wọ́n ń tú u, kí wọ́n lè rí òǹtẹ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ igi tó bo irin ìbọn. "Àyẹ̀wò" náà kò burú. Ní ti orúkọ ráífù (rifle), ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá "ìbọn onílà-inú" lábàá ronú jinlẹ̀, nítorí ìlà tó yí po nínú ọ̀pá rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà tí inú tiẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ta ló máa rántí sọ ọ́?

Orí ayédèrú ni ìjà wà. Èrú ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, èrú kì í sì í gbé inú irin, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ti ń wá. Ẹ wo Kar98k, ìbọn tí àwọn ológun Jámánì mú lò láti 1935. Ilé iṣẹ́ ló ń lu nọ́ńbà sí i lára: odindi nọ́ńbà lára ìbọn gan-an (irin àárín tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́), àti díjíìtì méjì tó gbẹ̀yìn lára àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Nígbà tí àwọn ológun Soviet (Rọ́ṣíà ìgbà náà) kó ẹgbàágbèje wọn bí ìkógun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tú wọn, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n padà láìwo ohun tó jẹ́ ti ta. Wọ́n fi gègé oníná ha nọ́ńbà tuntun sára irin tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, kó lè bá ti ara ìbọn mu. Wọ́n tún lu àmì X mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lára. Kò sí ẹni tó ṣe èrú níbẹ̀. Irin ogun ni gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ológun sì ni àtúntò náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé e wá tó ní bó ṣe kúrò ní Jámánì nìyẹn, irọ́ ló pa.

Ẹ wá wo Lee-Enfield No. 5 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn kúkúrú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1944, tí ẹnu rẹ̀ rí bí àrọ kí iná ọta má baà mú ojú ẹni tó ń yìn ín ṣókùnkùn. Àwọn kan máa ń mú No. 4, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gùn, wọ́n á gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, wọ́n á fi àrọ sí i lẹ́nu. Irin ogun náà ni èyí o! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í tilẹ̀ wo ẹnu, ara ló ń wò. Àwọn tó ṣe No. 5 gbẹ́ irin dànù lára rẹ̀ níbi púpọ̀ kó lè fúyẹ́, wọ́n tún gbẹ́ inú kóńdó irin tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta lè wọlé. Ẹni tó kàn fẹ́ tajà kì í sábà ṣe wàhálà yẹn. Bó bá jẹ́wọ́ pé òun gé e, ìbọn gígé ni. Bó bá pè é ní No. 5, ayédèrú dé.

Ìbọn méjèèjì ni kò rí bó ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́, àmọ́ èdè wa kò gbọdọ̀ fi orúkọ kan náà pè wọ́n. Àbá tèmi ni pé ká yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ara ìbọn tó ru odindi nọ́ńbà ni ìyá. Ẹ̀yà tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́, ọmọ ìyá. Èyí tó ti ara ìbọn mìíràn wá láti ilé iṣẹ́ kan náà, ọbàkan, torí ilé iṣẹ́ ni bàbá. Èyí tí wọ́n ha nọ́ńbà tuntun sí, ọmọ àgbàtọ́ tó ń jẹ́ orúkọ alágbàtọ́ rẹ̀. Ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ bára mu látòkèdélẹ̀ á wá di "ìbọn ọmọ ìyá". Bí ẹnikẹ́ni bá ní a kì í pe irin lọ́mọ, kó sọ fún mi ohun tí ọmọ ọlọ àti ọmọ odó jẹ́.

Àbúrò mi kan tí mo kọ́kọ́ fi àbá yìí hàn gbá mi mú. Ó ní òǹtẹ̀ byf lára Kar98k, àmì ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf ni. Bnz, ilé iṣẹ́ Steyr ni. Dot, ilé iṣẹ́ tó wà ní Brno ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ìbọn kan, bàbá wo ni wọ́n jọ ní? Mo ní ká máa pè wọ́n ní ayálégbé. Ó rẹ́rìn-ín títí, kò sì gbà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Ó ku ibì kan, ti ìyá fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ha nọ́ńbà ara ìbọn dànù, wọ́n á lu òmíràn sí i kó lè bá ti àwọn ẹ̀yà mu, kí owó rẹ̀ lè gbé pẹ́ẹ́lí. Ẹni tó bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ á rí i pé irin ti jin níbẹ̀, àti pé ìrísí díjíìtì náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Níbẹ̀ yẹn, ẹ mú ayédèrú yín wá, mi ò ní bá yín jiyàn.