Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ibùdó iná oòrùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ibùdó iná oòrùn tí wọ́n ṣí ní Pobè, ní Orílẹ̀-èdè Benin, ní ọdún 2022 jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25, gígáwáàtì-wákàtí 35 sì ni iná tí wọ́n ń retí pé yóò mú wá lọ́dún. Ti Blitta ní Togo jẹ́ mẹ́gáwáàtì 50 nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2021, gígáwáàtì-wákàtí 90 ni wọ́n sì ń retí lọ́dún nígbà náà. Nígbà tí mo pín in, ìpín mẹ́gáwáàtì kan jẹ́ 1.4 ní Pobè, ó sì jẹ́ 1.8 ní Blitta. Ṣé ti Pobè kò dára tó ni?

Onímítà: Ẹ má tíì dá Pobè lẹ́bi. Iná tó jáde ni ẹ pín, ẹ kò ka oòrùn tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu etí òkun kì í jẹ́ kí oòrùn Pobè tó ti Blitta. PR (performance ratio) ni àwa ń lò, ìyẹn ìdá iná tó jáde nínú iná tí oòrùn tó wọlé ì bá mú wá. Bí oòrùn ọjọ́ kan bá jẹ́ kilowáàtì-wákàtí 5 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, páńẹ́ẹ̀lì kilowáàtì 1,000 ì bá mú 5,000 wá ká ní ohunkóhun kò sọnù. Bí mítà bá ka 3,900, PR jẹ́ ìdá 78 nínú 100. Ooru ló ń jẹ púpọ̀ nínú ìyókù, nítorí pé ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi díwọ̀n agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, ó sì lè gbóná dé 60 lọ́sàn-án.

Alákàbà: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n PR náà máa ń parọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, PR wa ń gòkè ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, inú ọ̀gá wa sì ń dùn. Ìgbà tí mo gun àkàbà ni mo rí i pé eruku ti bo gíláàsì ẹ̀rọ tó ń wọn oòrùn, nítorí pé àwọn tó ń fọ páńẹ́ẹ̀lì kì í dé ibẹ̀. Oòrùn tí ẹ̀rọ náà ń kà ti dín kù, ni iṣẹ́ wa bá dà bí èyí tó pọ̀ sí i. Mo fi aṣọ tútù nù ún, PR sì já wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Bí iná ìjọba bá wá lọ lọ́sàn-án gangan ńkọ́?

Onímítà: Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná páńẹ́ẹ̀lì di irú èyí tí wáyà ìjọba ń gbé, yóò pa ara rẹ̀, kí iná má baà gbé ẹni tó ń tún wáyà ṣe, oòrùn ọ̀sán yẹn sì ṣòfò nìyẹn. Ẹ ṣírò PR lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ ọn fún ẹni tó ń ra iná, èyí tó yọ wọ́n kúrò fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ibùdó tó bá fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn yín, ẹ béèrè èkejì.