Ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí ńlá: ṣòkòtò péńpé wo ni kí n rà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ooru yìí ti kọjá àfaradà, mi ò lè máa wọ ṣòkòtò gígùn kiri mọ́, mo fẹ́ ra ṣòkòtò péńpé bíi méjì mẹ́ta tí màá máa wọ̀ jáde, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ara mi ṣe rí. Èjìká mi kéré, ìbàdí mi tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí àti itan ni mo gbé, tí mo bá ń rìn itan mi méjèèjì máa ń ha ara wọn. Mo fi téèpù wọn ara mi lánàá, ìbàdí íńṣì 30, ìdí íńṣì 43.

Lọ́jọ́ Sátidé mo kó ṣòkòtò péńpé mẹ́rin wọ yàrá tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni mo kó padà fún wọn. Èyí àkọ́kọ́, jíìnsì kékeré kan, ẹnu ẹ̀ fún mi débi pé nígbà tí mo bọ́ ọ, ìlà pupa ti yí itan mi ká. Èkejì gba itan mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó báyìí ni ẹ̀yìn ẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ mi odindi ló wọbẹ̀. Ẹ̀kẹta dé orúnkún, ó sọ mí di kúkúrú. Ẹ̀kẹrin mi ò tiẹ̀ lè fa sípù ẹ̀ sókè.

Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀ lé mi lọ, ara tiẹ̀ lọ gbọọrọ, kò ní ìdí kò ní ikùn, òun náà ò rí èyí tó wù ú. Màmá wa náà ní kí n bá àwọn béèrè, àwọn ní ikùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká máa wò ká tó ra nǹkan yìí? Àbí kí n kúkú fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀ fáwọn tí itan wọn ò tóbi?

Ìdáhùn kìíní:

Má fi sílẹ̀ fẹ́nì kankan o. Bí ara tèmi náà ṣe rí nìyẹn, ìdí tèmi tiẹ̀ ju tìẹ lọ, mo sì ń wọ ṣòkòtò péńpé láti ìbẹ̀rẹ̀ ooru títí dé òpin ẹ̀. Èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì ni kóo máa wá, tí aṣọ ẹ̀ ń mì lára itan tí kò lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń fún ni lẹ́sẹ̀ yẹn, má mú wọn wọ yàrá mọ́ rárá.

Télọ̀:

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ ni mí, ṣòkòtò obìnrin ni mo sì ń rán jù, o máa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀.

Wo òǹkà tóo kọ yẹn, ìdí 43, ìbàdí 30, íńṣì 13 ló wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ṣòkòtò tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún títà, nǹkan bí íńṣì 10 ni wọ́n máa ń fi sáàárín ìbàdí àti ìdí. Ìdí tí ẹ̀yìn ẹ fi ń la ẹnu nìyẹn, kì í ṣe pé o mú nọ́ńbà tí ò dáa, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tí wọ́n gé mọ́ ìrísí tìẹ ni. Torí náà ìdí àti itan ni kóo fi máa ra ṣòkòtò, má fi ìbàdí rà á. Èyí tó bá gba ìdí ẹ láìfún, tí àpò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́ tí kò yọ síta bí etí, òun ni kóo mú, kóo wá gbé e fún télọ̀ kó bá ẹ dín ìbàdí ẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n sọ fún un o, torí télọ̀ tó bá ń kánjú á kó gbogbo íńṣì mẹ́ta tí 13 fi ju 10 lọ sí ojú rírán àárín ẹ̀yìn, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á wá sún mọ́ra wọn, gbogbo ẹ̀yìn ṣòkòtò náà á sì rí wúruwùru. Ní kó mú díẹ̀ láàárín, kó fi ìyókù ṣe dáàtì méjì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ pọ̀ tí wọ́n rán an kó lè fún, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì.

Ọ̀rọ̀ gígùn ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kóo fetí sí. Ibi tí ẹnu ṣòkòtò péńpé bá dúró sí lórí itan, bí ìlà ni ó rí, ibẹ̀ lojú ẹni tó ń wò ẹ́ máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Itan ọ̀pọ̀ wa máa ń sanra jù lókè, á máa kéré bó ṣe ń bọ̀ sí orúnkún. Tí ìlà yẹn bá wá bọ́ síbi tó sanra jù, ibẹ̀ nìkan ni gbogbo èèyàn máa rí. Èyí tí ojú rírán inú itan ẹ̀ jẹ́ íńṣì 3, ibi tó sanra jù gan-an ló máa ń pin sí lára ẹni tó bá ní itan bíi tìẹ. Èyí tó dé orúnkún náà, o ti rí ohun tó ṣe fún ẹ.

Ohun tóo máa ṣe rèé. Wá ṣòkòtò kan tó ti gbó nílé, tó dé orúnkún, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú bàtà tóo máa ń wọ̀ jáde, kóo dúró síwájú dígí ńlá. Ṣẹ́ ẹnu ẹ̀ sókè ní ìdajì íńṣì, fi píìnnì gún un, sún sẹ́yìn, wò ó. Tún ṣẹ́ ìdajì íńṣì mìíràn, tún wò ó. Ibì kan máa wà tóo máa rí i pé ẹsẹ̀ ẹ ṣàdédé gùn, tóo bá tún ṣẹ́ ẹ ré kọjá ibẹ̀ ó ti bàjẹ́. Tóo bá ti rí ibẹ̀, fi téèpù wọn ojú rírán inú itan láti òkè ẹ̀ dé ibi píìnnì yẹn, kóo kọ ọ́ sínú fóònù ẹ. Òǹkà yẹn ni wàá máa bá rajà. Lójú tèmi, tìẹ ò ní kúrò láàárín 5 sí 7.

Ìdáhùn kejì:

Ohun tí àǹtí télọ̀ sọ yẹn jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún ẹni tí itan ẹ̀ ń ha ara wọn, torí mo mọ bó ṣe ń ta èèyàn. Ṣòkòtò tí inú itan ẹ̀ kúrú, tóo bá ti rìn díẹ̀ á ti ká sókè sáàárín itan, ẹran ara á wá máa ha ẹran ara, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti bó. Àmọ́ èyí tó bá tó íńṣì 6 tàbí 7, aṣọ ló máa wà láàárín. Tóo bá sì fẹ́ wọ èyí tó kúrú, wọ táìtì péńpé tó fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀, tàbí kóo fi fasilíìnì pa inú itan kóo tó jáde. Mo ti gbìyànjú pọ́dà náà, tí òógùn bá ti dà sí i ó ti tán, fasilíìnì dáa jù lára tèmi.

Tóo bá ń dán aṣọ wò, jókòó o. Itan tóo ń rí nígbà tóo dúró kọ́ lo máa ní tóo bá jókòó, ó máa ń tẹ́ sílẹ̀ kó fẹ̀. Tí ìka méjì ò bá lè wọ ẹnu ṣòkòtò yẹn lórí ìjókòó, gbé e sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n jókòó nínú yàrá yẹn, èyí èkejì ni mo kàn ṣèèṣì jókòó pẹ̀lú ẹ̀ torí mo fẹ́ de okùn bàtà mi. Ti àpò ńkọ́, àti àwọ̀? Ẹ má sì gbàgbé màmá wa o.

Ìdáhùn kẹta:

Fún màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹni tó ní ikùn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ yẹn ni kó jẹ́ káyé rí. Ṣòkòtò tó ga kọjá ìdodo díẹ̀, tí iwájú ẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní pílíìtì kò ní bọ́tìnnì ńláńlá, tó bá lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni sípù ẹ̀ wà á tún dáa sí i. Ọ̀já ìbàdí ẹ̀ kó fẹ̀, torí ọ̀já tín-ín-rín máa ń gé ikùn sí méjì. Kí rọ́bà wà lẹ́yìn nìkan kó má sí níwájú, onírọ́bà yípo yẹn ń ṣẹ́jọ sórí ikùn, ó ń fi kún un ni. Ẹnu ẹsẹ̀ ẹ̀ kó lọ tààrà, kó má fẹ̀ gbàràgàdà, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹnu ṣòkòtò tó fẹ̀ kì í dáa lójú. Bùláòsì tí wọ́n bá wọ̀ sí i, kó sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀já ìbàdí yẹn kó má fún wọn.

Ìdáhùn kẹrin:

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ ta ko èyí díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ká wọ ṣòkòtò tó ga, tó ga. Kì í ṣe gbogbo wa ló bá mu. Èmi, àyè tó wà láàárín ọyàn mi sí ìbàdí mi ò tó nǹkan, tí mo bá wọ èyí tó ga kọjá ìdodo ó dà bíi pé abẹ́ ọyàn ni mo so ó mọ́, ikùn mi á wá yọ síta ju bó ṣe wà lọ. Èyí tó jókòó sí ìsàlẹ̀ ìdodo ní bí íńṣì kan sí méjì ló gbà mí. Kí màmá fi ọwọ́ wọn àyè yẹn kí wọ́n tó rà á, tí kò bá gba àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ́ sílẹ̀ dáadáa kí wọ́n má lọ sókè.

Ìdáhùn kẹta:

O sọ òótọ́, mi ò ro tìyẹn. Kí wọ́n wọn ọ́n lóòótọ́.

Ìdáhùn karùn-ún:

Àbúrò tó lọ gbọọrọ yẹn ló ń wù mí o, torí òun ló lè wọ gbogbo ohun táwa ń sá fún. Pílíìtì níwájú, àpò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan bíi ti sójà, àwọ̀ tó ń tàn, ẹnu tí wọ́n ṣẹ́ sókè, èyí tí aṣọ ẹ̀ ṣẹ́jọ lójú ìbàdí tí wọ́n wá so ìgbànú mọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń fún un ní ìdí àti ìbàdí. Íńṣì 3 náà gbà á dáadáa. Àwọn tí èjìká wọn gbòòrò ju ìdí lọ náà, ọ̀nà kan náà ni, kí wọ́n kó ohun gbogbo sísàlẹ̀ kí òkè rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrú, kó fi ẹnu tí wọ́n ṣẹ́ sókè yẹn sílẹ̀, ó ń gé ẹsẹ̀ ni.

Ìwọ tóo béèrè, ti àpò: àpò ẹ̀gbẹ́ tó dagun, tó sùn sílẹ̀, ló dáa fún ìdí ńlá. Àpò ẹ̀yìn kó tóbi díẹ̀ kó sì wà láàárín ìdí gan-an, àpò tín-ín-rín lórí ìdí ńlá ń jẹ́ kó dà bí pápá. Àwọ̀ tó dúdú nísàlẹ̀, kóo gbé àwọ̀ tó tàn àti ọrùn tó fẹ̀ sókè kí èjìká ẹ náà lè yọ.

Télọ̀:

Àǹtí, ẹ ṣé, ẹ ti sọ ti àpò bó ṣe yẹ. Mo kàn fẹ́ sọ ti aṣọ fúnra ẹ̀. Jíìnsì tó jẹ́ òwú pátápátá, tóo bá ti wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀ á tú, torí náà kó mú ẹ lára díẹ̀ nígbà tóo bá ń rà á. Èyí tí wọ́n kọ elastane, ìyẹn fọ́nrán tó ń fà bíi rọ́bà, 1 tàbí 2 nínú 100 sí lára, ó máa ń fà tí èèyàn bá jókòó á tún padà, òun ni mo fẹ́ fún ìwọ. Línínì ló gba atẹ́gùn jù nínú ooru, ṣùgbọ́n ó ń rún, kò sì fà. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe: ẹ má gbé ṣòkòtò òwú tàbí línínì tuntun wá fún télọ̀ láìfọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ ná, torí ó ń súnkì, èyí tí mo gé sí íńṣì 6 lónìí lè di 5 àti ààbọ̀ lẹ́yìn omi àkọ́kọ́. Funfun sì wù yín, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, tí ẹ bá ń rí àwọ̀ ọwọ́ yín, àpò inú náà máa hàn lórí itan.

Ẹni tó béèrè:

Ẹ̀yin àǹtí mi, mo ti padà dé. Mo ṣe ti dígí àti píìnnì yẹn lálẹ́ àná, àbúrò mi ló ń bá mi gún un. Ní íńṣì 8 mo ṣì rí kúkúrú, ní 7 ó ti ń dáa, ní 6 àti ààbọ̀ àbúrò mi pariwo, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. A tún ṣẹ́ ẹ sí 6 kí ó lè dá wa lójú, lóòótọ́ itan mi tún fẹ̀ padà lójú dígí. Ìdajì íńṣì péré! Lónìí mo ra búlúù tó dúdú kan, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, elastane 2 ni wọ́n kọ sí i, ó gba ìdí mi, mo jókòó nínú ẹ̀ ìka mi méjì wọlé. Ìbàdí ẹ̀ tóbi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rù ìyẹn mọ́. Mo ti fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn.

Màmá wa wọn àyè tiwọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn gbà á, wọ́n lè wọ èyí tó ga. Àmọ́ wọ́n ní ọ̀kan nílé tí wọ́n fẹ́ràn gan-an, wọ́n ní kí n bi àǹtí télọ̀ bóyá wọ́n lè fi rọ́bà sẹ́yìn ẹ̀.

Télọ̀:

Inú mi dùn púpọ̀. Ó ṣeé ṣe fún màmá, tó bá jẹ́ pé ìbàdí ẹ̀ tóbi díẹ̀ fún wọn. Tó bá ti fún wọn tẹ́lẹ̀, rọ́bà ò lè tú u, a ní láti fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n tú ọ̀já ìbàdí lápá ẹ̀yìn nìkan, láti ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí wọ́n rán orí ẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kó má baà yí. Iwájú ẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.