Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní òkè Ọya, kí ló ń dùn mọ́ yín?

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ìròyìn òkè Ọya tó ń ba èèyàn lẹ́rù, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, àwọn ará ilé kò sì yé pè wá láti béèrè bóyá àlàáfíà la wà. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti ayọ̀. Kí ni nǹkan kékeré tó ń dùn mọ́ ìdílé yín ní ìdálẹ̀ níbí, tí ẹ ò bá má rí ká ní ilé lẹ wà?

Tèmi rèé. Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin kan máa ń din másà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa. Ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ mọ́jú ni. Á ta òróró díẹ̀ sínú kòtò kọ̀ọ̀kan nínú àwo amọ̀ rẹ̀, á bu ìrẹsì náà lé e, bí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n báyìí, á fi irin kékeré kan yí i padà. Kò sí èyí tó ń jóná. Àwọn ìbejì mi á gbé abọ́ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ Yorùbá, kí wọ́n tó wá fi Hausa ná an. Ìyá náà á ní "albarka", ìyẹn ni pé owó wọn ò tó, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, nígbẹ̀yìn á fi èènì sí i. Táíwò fẹ́ ṣúgà, Kẹ́hìndé ò ní jẹ ẹ́ láìsí miyan taushe, ọbẹ̀ elégédé àwọn Hausa. Kò sẹ́ni tó ń dáná nílé wa láàárọ̀ Sátidé.

Ẹ̀yin ń kọ́?

Bàbá Gwàrínpà
Mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibí.

Agùnbánirọ̀
Màmá, ẹ jọ̀wọ́, apá ibo ni ní Kúbwà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àgọ́ ni, búrẹ́dì ti sú mi.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wà ní ìdálẹ̀ o, èmi wà nílé. Rélùwéè tó dé Kánò ní 1911 ló la ọ̀nà fún àwọn bàbá wa. Bàbá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó sọ̀ ní Kánò, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Sábọ̀n Gàrí, kì í sì í lọ sílé mọ́ àfi bí ọdún bá dé. Níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, níbẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí.

Ayọ̀ tiwa ni ọdún Iléyá. Onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹṣin jáde, kò sí ọmọ ilé wa tó ń sùn pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo ẹṣin tí wọ́n fi awọ àti aṣọ aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹni tó gùn ún wé láwàní tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán. Wọ́n á sáré tete wá síwájú Ẹ́míà, wọ́n á fa ìjánu lójijì, ẹṣin á dúró gbọn-in, wọ́n á wá na ọwọ́ sókè kí i. Eruku á sọ lálá. Ọmọbìnrin mi kékeré á wà léjìká mi, á di irun mi mú pinpin, á máa pariwo pé kí n súnmọ́ wọn sí i. Nígbà tí UNESCO kọ ọdún ẹṣin Kánò yìí mọ́ àwọn àṣà ilẹ̀ ayé tó yẹ ní títọ́jú ní 2024, ṣe la jó nílé wa.

Alhaji tó bá wa pààlà máa ń gbé itan àgbò wá. Bó bá di Kérésì, ìyàwó mi á gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ránṣẹ́ sí wọn. Bó ṣe wà láyé bàbá mi nìyẹn.

Awakọ̀ Utákò
Bọ̀dá Ọ̀fà, ẹ má bínú, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Mo ń wa ọkọ̀ láti Utákò lọ sí Ìbàdàn, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí ní Disẹ́ńbà. Àlùbọ́sà, kílíṣí, àgbò tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ là ń rù. Àwọn ọmọ á ti sùn láti Gwagwaládá, ṣùgbọ́n bí a bá ti gun afárá Odò Ọya báyìí, kí á tó wọ Lọ́kọ́jà, gbogbo wọn á jí. "Dádì, ẹ wo omi!" Bí a bá fi máa dé Ọ̀wọ̀, àwọn ìyá tí wọ́n ti ń sọ Hausa lórí fóònù láti Àbújá á ti bọ́ sínú ẹ̀ka èdè abúlé wọn. Ní Ìbàdàn, ìyá arúgbó á ti dúró sí gáréèjì láti ọ̀sán. Ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra wọn níbẹ̀, kò ní pe ibòmíràn nílé.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò
Èmi náà ń lọ, bọ̀dá mi. Sàréè bàbá àgbà mi wà ní Ọ̀fà, mo máa ń lọ gé koríko ibẹ̀. Ṣùgbọ́n sàréè bàbá mi wà ní Kánò. Èwo ni kí n wá pè ní oko?

Awakọ̀ Utákò
Ó dára. Ẹ ti mú mi níbẹ̀ yẹn.

Tíṣà Sàmàrù
Ọ̀rọ̀ èdè tí bọ̀dá awakọ̀ fẹnu bà yẹn rán mi létí nǹkan. Hausa ni àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ gbọ́, torí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Zaria ló ń bá ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ọkọ mi wà ní Ṣàgámù. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń fi WhatsApp pè wọ́n kí wọ́n lè rí ojú ọmọ, ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé wọ́n á ní mi ò kọ́ ọmọ àwọn lédè. Bọ́mọ ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan nìyẹn, ó ní, "Kaka, ina wuni?"

Àyà mi já. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ti gèlè wọn sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n wá ní, "Lafiya lau!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú Hausa sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkọ mi tó jókòó fò dìde. Òun tí wọ́n bí lọ́mọ ò mọ̀ pé ìyá òun gbọ́ Hausa! Àṣé gbànja ni Màmá ń tà fún àwọn oníbàárà Hausa ní Sábó Ṣàgámù kí wọ́n tó bí i.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí a kì í dá sí. Màmá á fi Hausa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi Yorùbá parí rẹ̀, ọmọ náà á sì tẹ̀ lé wọn. Yorùbá tí kò gbọ́ lẹ́nu mi, ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Jọs Lọ Tutù
Ye! Mo kà á sí etí ìyàwó mi, ó ní kí n tún un kà.

Bàbá Gwàrínpà
Àǹtí Tíṣà, ẹ dákun, ó ṣòro fún mi láti gbà. Gbogbo ọdún tí ọkọ yín fi gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí?

Tíṣà Sàmàrù
Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́ nínú ilé, bọ̀dá? Wọ́n ti fi gbànja sílẹ̀, wọ́n ti ń ta aṣọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Nyanya
Ẹ jẹ́ kí n bá wọn jẹ́rìí. Ẹni tó bá mọ Sábó Ṣàgámù dáadáa mọ̀ pé Hausa ni ọ̀pọ̀ ìyá ibẹ̀ fi ń ka owó gbànja. Ìyá tèmi gan-an, bí wọ́n bá ń ṣírò, ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bàbá Gwàrínpà
Mo gbà. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ìyá Kàdúná
Ọkọ̀ ojú irin ni tiwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ti Àbújá sí Kàdúná ní 2016 làwọn ọmọ mi ti ń ka ibùdókọ̀ rẹ̀ bí orin: Ìdú, Kúbwà, Jere, Rijana, Dutse, Rigasa. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ náà ní oṣù kẹta 2022, a ò súnmọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a tún wọ̀ ọ́, àbúrò wọn tí kò tíì wọ̀ ọ́ rí ló fi imú lẹ́ gíláàsì títí tí a fi dé. Mo sunkún díẹ̀. Ayọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ́nà, ìyá mi.

Jọs Lọ Tutù
Àmín. Ẹ̀yin ará Àbújá tí oòrùn ń sè, ẹ wá sí Jọs. Ìlú wa fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ ibẹ̀ fi ń gé èèyàn létí. Láàárọ̀ Disẹ́ńbà, gbogbo wa la ń sá wọ ilé ìdáná. Bàbá àgbà mi tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ wa láti máa ri áíríìṣì bọ eérú gbígbóná, kí á bó o pẹ̀lú ìka tó ń jó, kí á bu bọ́tà lé e. Àwọn ọmọ mi ò mọ oúnjẹ tó ju ìyẹn lọ.

Ọmọ Ìlọrin
Àwa ará Ìlọrin ń kọ́? Ṣé a lè dá sí i?

Awakọ̀ Utákò
Ẹ ò tíì kọjá odò, Àáfà. Jẹ́bà ni odò wà.

Ọmọ Ìlọrin
Ìjọba kà wá mọ́ Àríwá o! Ẹ gbà wá sílé.

Bàbá Gwàrínpà
Ẹ jókòó, Àáfà, ilé yín ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún nǹkan kan ṣe. Ẹ má ka Àbújá mọ́ ilẹ̀ Hausa bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àwọn Gbagyi tí gbogbo ìlú ń pè ní Gwárí, àwọn Koro, àwọn Gade, àwọn Bassa, àwọn ló wà níbí kí ìjọba tó mú ilẹ̀ náà ní 1976. Suleja ló ń jẹ́ Àbújá tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn yìí fún wa láyè, ó yẹ kí á máa dárúkọ wọn.

Àwọn obìnrin Gbagyi ló ń dá ilé wa lára yá jù. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí. Igi ìdáná á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí èjìká, wọn ò sì ní yẹsẹ̀. Ọmọbìnrin mi tí kò ju ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ ti gbé ìrọ̀rí lé èjìká láti yàrá dé pálọ̀, ó ní òun ń ru igi lọ sọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun.

Tíṣà Sàmàrù
Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa!

Àǹtí Èkìtì
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Sóbò ni tèmi. Ìyá mi wá kí wa ní Lúgbè, wọ́n bá mi nídìí ìkòkò, wọ́n ní, "O ò ríbi rí iyọ̀ ni, tí o fi ń fi ṣúgà se ìṣápá?" Ìṣápá náà kúkú ni. Funfun la fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, pupa ni ti sóbò. Ní báyìí wọn ò ní mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́, sóbò ni wọ́n ń bi mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Nyanya
Kì í ṣe ọ̀kan náà, àǹtí. Ìṣápá kan, sóbò ọ̀tọ̀.

Àǹtí Èkìtì
Igi kan náà ni, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gbìn ín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Nyanya
Mi ò ní fi sóbò jẹ iyán láé.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, gàrí lẹ mọ̀.

Awakọ̀ Utákò
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èlùbọ́ Bódìjà kó tètè sọ̀rọ̀.

Agùnbánirọ̀
Kóńgò kan fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rò ó náà.

Ìyá Ìbejì Kúbwà
Kóńgò mẹ́rin ni tèmi, èyí tó dúdú dáadáa. Ìwọ ọmọ yìí, wá sílé wa ní Sátidé, màá kọ́ ọ.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò
Ṣé wọ́n lè bá mi gbé méjì dé Kánò?